ÌTÀN ỌBAŃLÁ Ọ̀GẸ̀DẸ̀ǸGBÉ AGBÓGUNGBÓRÒ, ÀTI OGÚN TÍ Ó FI SÍLẸ̀ FÚN ÀWỌN ỌMỌ OLÓGUN

ÌDÍ TÍ A FI KỌ Ọ́

Nígbà tí a fi iṣẹ́ kíkọ ìtàn lé wa lọ́wọ́ fún ìwé ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń retí ni pé orúkọ àlùfáà kan tàbí ti olùkọ́ kan ni a ó fi ṣáájú. Àwọn baba ìgbàgbọ́ wọ̀nyẹn ní ojú ewé tiwọn nínú ìwé yìí, a kò sì gbàgbé wọn. Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí a ya ojú ewé díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ sí ọmọ ìjọ, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé bí a bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, bí àlàáfíà ṣe dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí ìhìnrere fi rí ibi fi ẹsẹ̀ lé, kò ní yé ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà ni Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé, Ṣẹ́ríkí Ìjẹ̀ṣà, ẹni tí ó di Ọbańlá, tí ó sì kú ní ọdún 1910.

Ìdí kejì wà, òun ni ó sì wúwo jù lọ́kàn wa. Nínú ìjọ wa, àti nínú àwọn ìjọ láti Iléṣà títí dé Òṣogbo, àwọn ọmọ ológun ń jókòó ti àwọn ọmọ ẹni tí a kó lógun. Ẹnìkan wà láàrín wa tí baba-ńlá rẹ̀ gbé ìbọn tẹ̀lé Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé. Ẹnìkan wà tí ìyá-ńlá rẹ̀ jẹ́ ẹni tí a mú ní ìlú Èkìtì kan, tí a fi okùn fà wá sí ibi tí kò mọ̀. Ẹlòmíràn sì wà tí baba-ńlá rẹ̀ bá ogun Ìbàdàn jáde, tí kò padà sílé mọ́. Gbogbo wọn ni ó ń jẹ nínú búrẹ́dì kan, tí wọ́n ń mu nínú ife kan. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ìdílé ológun bá dá ẹgbẹ́ ọmọ sílẹ̀, tí wọ́n dá aṣọ, tí wọ́n sì ń fi oríkì ogun ki ara wọn, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí à ń jogún gan-an. Ìbéèrè yìí ni a gbé wá síwájú yín, ìgbésí-ayé ọkùnrin yìí ni a ó sì fi dáhùn rẹ̀.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

A bí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé ní nǹkan bí ọdún 1822 ní Àtọ̀rìn, ìletò kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀rìṣàráyíbí ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Kì í ṣe ààfin ni a ti tọ́ ọ dàgbà. Oko àti igbó ni ó kọ́kọ́ mọ̀.

Ìgbà tí ó wá sí ayé jẹ́ ìgbà tí ilẹ̀ Yorùbá ń mì. Ọ̀yọ́-Ilé tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù rẹ̀ ń wó lọ, kò sì tó ogún ọdún lẹ́yìn ìbí rẹ̀ tí ìlú náà fi di ahoro. Àwọn tí ó sá kúrò níbẹ̀ tẹ ìlú dó káàkiri, Ìbàdàn sì gba ipò iwájú láàrín wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1840, ogun Ìlọrin dó ti Òṣogbo. Ìbàdàn ni ó dìde wá gba ìlú náà sílẹ̀, wọ́n sì ṣẹ́ ogun Ìlọrin lẹ́bàá ibẹ̀. Ó yẹ kí àwa ọmọ Òṣogbo àti Ìjẹ̀ṣà rántí oore yìí, kí a tó máa ka ibi tí ó tẹ̀lé e. Nítorí pé láti ọjọ́ náà lọ ni ọwọ́ Ìbàdàn ti gùn. Wọ́n wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, wọ́n sì fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú lẹ́yìn ìlú. Ajẹ́lẹ̀ mìíràn jẹ́ ènìyàn pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn ń kó ewúrẹ́ olóko, wọ́n ń gba ìyàwó oníyàwó, kò sì sí ẹni tí ìlú lè fi wọ́n sùn.

Nínú ìdààmú yìí ni Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé ti dàgbà. Àwọn àgbà sọ fún wa pé àwọn ológun Ìbàdàn mú un ní ìgbà èwe rẹ̀, wọ́n sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Lọ́dọ̀ wọn náà ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ogun: bí a ṣe ń tẹ̀dó, bí a ṣe ń pín ọmọ ogun sí apá ọ̀tún àti apá òsì, bí a ṣe ń fi sùúrù dúró de ọ̀tá. Ó kọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí ó padà sílé, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ ni ó fi bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ jà.

ÌṢUBÚ ILÉṢÀ

Ní ọdún 1869 Ìbàdàn gbógun ti Iléṣà gan-an. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé wà lára àwọn tí ó dúró níwájú láti gbèjà ìlú. Wọ́n jà títí ebi fi wọ inú odi, tí ohun tí ènìyàn kì í jẹ di jíjẹ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1870, Iléṣà ṣubú. Ìlú Ọwá Obòkun jóná, a sì kó ọmọ rẹ̀ lẹ́rú lọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́.

Ṣáájú ìgbà náà, Alùfáà David Hinderer tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ti dé Iléṣà, irúgbìn ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sì ti kán sílẹ̀ níbẹ̀. Ogun tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ilé àti oko. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń béèrè ìdí tí ọ̀pọ̀ ìjọ Ìjẹ̀ṣà kò fi dàgbà tó ti Abẹ́òkúta, kí ó rántí ọdún 1870.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá, ó sì kọjú sí ìlà-oòrùn. Ó tẹ̀dó sí Ìta-Ògbólú lẹ́bàá Àkúrẹ́, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò nílé mọ́ sì rọ̀ mọ́ ọn. Níhìn-ín ni a gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́, nítorí pé inú ilé Ọlọ́run ni à ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí a lé kúrò nílé rẹ̀ náà lé ẹlòmíràn kúrò nílé. Ọmọ ogun rẹ̀ já lu àwọn ìlú Èkìtì àti Àkókó, wọ́n jó abà, wọ́n sì kó ènìyàn. Àwọn tí ó kó kò ṣẹ̀ ẹ́. Ìbọn ni wọ́n fi ń ra oúnjẹ, ẹrú ni wọ́n sì fi ń ra ìbọn. Báyìí ni ogun ṣe ń bọ́ ara rẹ̀ ní ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ni Ìbàdàn ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni Ìlọrin ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni Ìjẹ̀ṣà sì ń ṣe. A kò kọ èyí láti fi tàbùkù ẹnikẹ́ni. A kọ ọ́ kí oríkì má baà bo ẹkún mọ́lẹ̀.

ẸGBẸ́ ÈKÌTÌPARAPỌ̀ NÍ ÈKÓ

Kí a tó dé ojú ogun ńlá náà, ẹ jẹ́ kí a yà sí Èkó díẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti dá ẹgbẹ́ ọmọ àkọ́kọ́ tí ó kan ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún náà ni a ti ń ta ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì sí òkè òkun. Ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn mìíràn lójú agbami, ó sì kó wọn lọ sí Sàró. Àwọn mìíràn dé Bràsíl, wọ́n ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ra ara wọn padà. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń padà bọ̀ sí Èkó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti mọ ìwé, wọ́n ti mọ òwò, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti mọ Olúwa. Wọn kò gbàgbé èdè ilé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pàdé pọ̀ láti gbàdúrà àti láti ran ara wọn lọ́wọ́, ìpàdé àdúrà yìí ni ó sì di Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí a mọ̀ nínú wọn ni Philip Jose Meffre, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ti Bràsíl dé, tí ó fi Ifá sílẹ̀ tẹ̀lé Kristi.

Ẹ kíyè sí ohun kan nípa ẹgbẹ́ yìí. Kì í ṣe ọmọ balógun ni ó dá a sílẹ̀, bí kò ṣe àwọn tí ogun ti kó rí. Kò sí ẹni nínú wọn tí ó ní oríkì ìṣẹ́gun láti fi yangàn. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni pé a ti tà wọ́n. Nígbà tí ogun tún bẹ́ sílẹ̀ ní ilé, àwọn ni ó ń kọ ìwé sí Gómìnà ní Èkó, tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dá sí i. Àwọn náà sì ni ó ń dáwó ra ìbọn àti ọta ránṣẹ́ sí ojú ogun. A kò mọ̀ bí a ó ti da ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí pọ̀ láìrojú, pé ọwọ́ kan ń kọ ìwé àlàáfíà, ọwọ́ kejì ń di ẹrù ẹ̀tù. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kó ìyá rẹ̀ lọ, tí ó sì mọ ìlú tí a tà á sí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yára dá a lẹ́jọ́.

OGUN KÍRÌJÍ

Ní ọdún 1878, ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Fábùnmí pa àwọn ènìyàn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, ó sì ránṣẹ́ sí ìlú gbogbo ní Èkìtì pé kí wọ́n dìde. Wọ́n dìde. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn alábàápín wọn mulẹ̀ pọ̀, wọ́n sì pe ara wọn ní Èkìtìparapọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n pàdé Ìbàdàn lẹ́bàá Ìkìrun, nínú ogun tí a ń pè ní Jálumi. Ìbàdàn ni ó ṣẹ́gun wọn pátápátá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sá ni ó bá omi lọ, láti ibẹ̀ ni ogun náà sì ti gba orúkọ rẹ̀.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé kò yára dá sí ọ̀rọ̀ náà ní àkọ́kọ́. Ó mọ agbára Ìbàdàn ju ẹni tí ó kàn ń gbọ́ ìròyìn lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Jálumi, àwọn ọba àti ìjòyè bẹ̀ ẹ́, ó sì wá. Òun ni wọ́n fi ṣe olórí gbogbo ogun Èkìtìparapọ̀. Nínú àwọn tí ó wá sin ín láti ìgbà náà ni a ti rí àwọn ará ìlú tí òun fúnra rẹ̀ ti kó rí. Èyí jẹ́ ohun ìyanu fún wa, ó sì fi hàn bí àjàgà tí ó wà lọ́rùn wọn ti wúwo tó.

Ogun méjèèjì dojú kọ ara wọn lórí òkè àti ní àfonífojì tí ó wà láàrín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ. Ààrẹ Látòósà fúnra rẹ̀ ni ó kó Ìbàdàn wá. Ó rò pé ogun kékeré ni. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni ó kú sí ní ọdún 1885 láìrí òpin rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun kọ́ ilé sí ibùdó, wọ́n dá oko, wọ́n ná ọjà, wọ́n gbé ìyàwó, a sì bí ọmọ níbẹ̀ tí ó dàgbà láìmọ ìlú mìíràn. Nígbà tí ìbọn tuntun tí a ń pè ní Snider, tí a ń ti ẹ̀yìn kì, dé láti ọwọ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Èkó, tí Ìbàdàn sì ń lo ìbọn àtijọ́ tí a ń ti ẹnu kì, ọwọ́ Èkìtìparapọ̀ le. Ìró ìbọn ńlá tí ó ń dún gbọ̀ọ̀rọ̀ láàrín àwọn òkè náà ni a fi sọ ogun yìí ní Kírìjí.

Kì í ṣe agídí nìkan ni ó fi Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé ṣe olórí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Iṣẹ́ tí ó ṣòro jù lọ ni pé kí ó so ìlú púpọ̀ pọ̀, tí ìkọ̀ọ̀kan ní ọba tirẹ̀, ìgbéraga tirẹ̀ àti ìjà ààlà tirẹ̀. Ó ṣe é. Ẹni tí ó bá ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìjọ rí yóò mọ̀ pé èyí ju yíyin ìbọn lọ.

ÀWỌN ÀLÙFÁÀ MÉJÌ

Ní ìparí, kì í ṣe ìbọn ni ó mú àwọn ogun náà bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ní ọdún 1886, Gómìnà Moloney ní Èkó rán àlùfáà méjì ti Ìjọ C.M.S. jáde. Samuel Johnson, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, lọ sọ́dọ̀ Aláàfin àti Ìbàdàn. Charles Phillips, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Òndó, lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé àti àwọn ọba Èkìtìparapọ̀. Ọmọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì. Wọ́n gba ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà láìbẹ̀rù, wọ́n wọ ibùdó tí ìfura ti kún inú rẹ̀, wọ́n sì jókòó ti àwọn jagunjagun títí ọ̀rọ̀ fi jọ.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò ní ipò Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé. Ọwọ́ rẹ̀ le ní àkókò náà. Látòósà ti kú. Ìbọn rẹ̀ dára ju ti ọ̀tá lọ. Ìlú rẹ̀ tí ó jóná ṣì ń kérora fún ẹ̀san. Síbẹ̀ ó gbọ́ ti àlùfáà náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, níwájú Higgins àti Smith tí ìjọba Èkó rán wá, a fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ojú ogun. Ìwé náà sọ pé Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì yóò wà ní òmìnira, Ìbàdàn pẹ̀lú yóò sì wà ní òmìnira tirẹ̀. Ó sọ pé Aláàfin àti Ọwá yóò tún máa jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò fún ara wọn bí ti àtijọ́. Ó fi Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ sábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ó fún ẹnikẹ́ni tí kò bá fẹ́ gbé ibẹ̀ láyè láti lọ.

Àlàáfíà náà kò tètè pé. Ọ̀rọ̀ Mọ́dákẹ́kẹ́ àti ogun Ìlọrin ní Ọ̀fà dá àwọn ọmọ ogun dúró sí pápá, títí Gómìnà Carter fi gòkè wá ní oṣù Kẹta ọdún 1893, tí àwọn ibùdó sì tú ká. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìgbà náà, ó ti tó bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Charles Phillips di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún náà gan-an. Samuel Johnson jókòó, ó sì kọ ìtàn gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí a bá ń wá àwọn ẹni tí ó yẹ kí ìjọ Áńgílíkà fi ogun Kírìjí rántí, àwọn méjèèjì yìí ni.

ÌGBÀ ÀLÀÁFÍÀ

Ó rọrùn láti parí ìtàn jagunjagun nígbà tí ìbọn bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ti Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé kò parí níbẹ̀, ohun tí ó tẹ̀lé e sì ni ó kàn wá jù lọ.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun padà sí ilé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tí a bí sí ibùdó, oko wo ni yóò ro? Wọ́n ń gba ohun olóhun lọ́jà àti lójú ọ̀nà, wọ́n sì ń pe orúkọ ọ̀gá wọn sí i. Ẹ̀sùn dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Ní ọdún 1894 Kápítéènì Bower wá mú Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé, ó sì mú un kúrò nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àgbàlagbà tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń tẹ̀lé, di ẹlẹ́wọ̀n. Bí ó bá fẹ́, ó lè mú kí ilẹ̀ náà tún gbiná. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. A dá a sílẹ̀, ó padà wá sí Iléṣà, ó sì jókòó jẹ́ẹ́.

Ìtàn tí a ń sọ ní Iléṣà ni pé a fi ìtẹ́ Ọwá lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò gbà á. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé Àwọn Onídàjọ́ yóò rántí Gídíónì, ẹni tí àwọn ènìyàn fẹ́ fi jọba lẹ́yìn ìṣẹ́gun, tí ó kọ̀. Ní ọdún 1896, Frederick Haastrup, oníṣòwò àti onígbàgbọ́ tí ó ti Èkó wá, jọba gẹ́gẹ́ bí Ọwá Ajímọ́kọ̀ Kìíní. Ní ọdún 1898, Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé gba oyè Ọbańlá, ó di ìjòyè lábẹ́ ọba tí ó mọ gègé ju ìbọn lọ. Ọdún méjìlá ni ó fi jẹ́ oyè náà títí ó fi kú ní 1910. Kí ó tó kú, ó ti rí i tí ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì ń gba ọ̀nà tí ogun ti ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ tajà. Àwọn ọmọ ẹni tí ń ru ẹ̀tù di Òṣómàáló, wọ́n ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n sì ń lóṣòó dúró gba owó wọn.

A kò sọ pé ó di onígbàgbọ́, a kò sì ní fi ìgbàgbọ́ wọ̀ ọ́ lẹ́yìn ikú bí aṣọ tí a yá. Ohun tí a mọ̀ ni pé ó gba ìránṣẹ́ àlàáfíà láyè, ó sì fi idà sínú àkọ̀ nígbà tí ó ṣì mú. Ọba Dáfídì kò lè kọ́ ilé Olúwa nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni ó kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ìran tí ó ja Kírìjí. Àwọn ọmọ wọn ni ó mọ ògiri ilé ìsìn wa.

ÀWỌN ỌMỌ OLÓGUN ÀTI ẸGBẸ́ WỌN

Kí ni àwọn tí ó wá lẹ́yìn ṣe pẹ̀lú orúkọ yìí? Ní Iléṣà, orúkọ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé fúnra rẹ̀ di oyè, ère rẹ̀ sì dúró ní ìgboro títí di òní. Ní Ìbàdàn, ilé ológun kọ̀ọ̀kan ní mọgají tirẹ̀. Láti ipò mọgají ni ènìyàn ti ń gun àkàbà oyè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi lè dé ipò Olúbàdàn. Nítorí náà ọmọ ológun ní Ìbàdàn kò lè gbàgbé ilé baba rẹ̀. Agboolé náà ni ẹgbẹ́ rẹ̀.

Irú nǹkan báyìí wà ní ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí ogun abẹ́lé ilẹ̀ Amẹ́ríkà parí ní ọdún 1865, àwọn ọ̀gágun apá Àríwá dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún náà, Military Order of the Loyal Legion, tí àwọn ọmọ wọn ń jogún ipò baba wọn nínú rẹ̀. Ní ọdún 1896, àwọn ọmọ ológun apá Gúúsù dá tiwọn náà sílẹ̀, Sons of Confederate Veterans. Ẹgbẹ́ méjèèjì yìí wà títí di òní, ìkọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀, tí ó ń tọ́jú ibojì àti orúkọ àwọn tirẹ̀. Ohun tí ó dun ènìyàn níbẹ̀ ni pé àwọn ẹrú tí a tìtorí wọn jà kò sí nínú ìwé orúkọ àwọn ọ̀gágun náà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra kí irú rẹ̀ má ṣe wa. Ní ilẹ̀ wa, ẹgbẹ́ ọmọ tí ó ṣe ìlú ní àǹfààní jù lọ kì í ṣe èyí tí ó ń ka orí ọ̀tá tí baba rẹ̀ gé. Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kó owó ọmọ ológun àti owó ọmọ ẹrú pọ̀, kò béèrè èwo ni èwo, ó sì dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1934. Ẹ wo ọ̀nà tí a ti rìn: àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Èkó dáwó ra ìbọn, kò pé ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà dáwó kọ́ ilé-ìwé. Ìfẹ́ ilé kan náà ni. Ohun tí a fi í ṣe ni ó yí padà.

A kò lòdì sí kí ìdílé ológun máa pàdé. Ọmọ tí kò mọ ilé baba rẹ̀ yóò ṣìnà lójú ọ̀nà gbangba. Kí wọ́n pàdé, kí wọ́n tún ibojì ṣe, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn baba sílẹ̀ kí ó má baà parẹ́. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni a bẹ̀ wọ́n sí. Èkíní, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí a kó wá sínú ìwé ìdílé náà, kí wọ́n má ṣe pè wọ́n ní ẹrú mọ́ ní ìkọ̀kọ̀ tàbí ní gbangba, kí wọ́n má sì tìtorí rẹ̀ kọ ìgbéyàwó. Èkejì, kí wọ́n máa ṣe ìrántí ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án pẹ̀lú àwọn ọmọ apá kejì, nítorí ọjọ́ náà jẹ́ ti gbogbo wa. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n máa fi owó ẹgbẹ́ kọ́ ọmọ tálákà ní ìwé, nítorí pé kò sí ère tí ó ju èyí lọ.

ÌPARÍ

Àwọn òkè Kírìjí ṣì dúró láàrín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ. Ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá lónìí yóò rí oko àti koríko, yóò sì gbọ́ ohùn agogo ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlú méjèèjì ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi. Ní ibi tí ìbọn ńlá ti ń dáhùn ara wọn, agogo ni ó ń dáhùn ara wọn nísinsìnyí.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé fi ogún méjì sílẹ̀. Ìkíní ni òkìkí ogun. Kò sí ẹni tí ó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni nínú wa tí ó tún nílò rẹ̀. Èkejì ni pé ọkùnrin tí ó lágbára láti jà gbà láti dákẹ́, ẹni tí ó tó jọba gbà láti sìn. Èyí ni ogún tí ó yẹ kí ọmọ ológun àti ọmọ ẹni tí a kó jọ pín láìjà.

Bí ìjọ wa ti ń wọ ọgọ́rùn-ún ọdún kejì rẹ̀, kí Ọlọ́run Olódùmarè, ẹni tí ó mú ogun dópin dé òpin ayé, kí ó pa ọkàn wa pọ̀ ní ọ̀kan. Kí ó tu àwọn tí a tà nínú, kí ó sì dárí ji àwọn tí ó tà wọ́n. Kí ó fún Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Òṣogbo àti Ìbàdàn ní àlàáfíà tí kò ní òpin, nípa Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.